Àpò Èédú Assana

Kí ladaani ìlú Manigri tó pe ìrun àsùbáà, àwọn ẹdun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jí Àsùmáù. Ohùn wọn á ti inú igbó etí odò wá, ohùn tó ki, tó ń rọ́ gìrìgìrì bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ odó lórí àpáta, á sì dákẹ́ lójijì gẹ́gẹ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà á dìde jókòó lórí ẹní, á fi ọwọ́ nu ojú, á ní, "Ẹ jíire o, ará ilé." Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó wá omi àlùwàlá rẹ̀.

Ará ilé ni wọ́n lóòótọ́. Ìbejì ni Àsùmáù bí. Assana ló kọ́kọ́ dé, Ousséni sì tẹ̀lé e kíá bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ òun. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ ìyá ni ìbejì àti ẹdun. Ilé tí ìbejì bá wà kì í jẹ ẹran ẹdun, kì í sì í sọ òkúta sí i. Ẹranko dúdú ni ẹdun, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bíi ti àgbàlagbà, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì funfun pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kì í bá àwọ̀ dúdú wá sáyé. Bí òwú ni wọ́n ń bí i, gbogbo ara rẹ̀ funfun, yóò sì pẹ́ díẹ̀ kí àwọ̀ àgbà tó dé sí i lára.

Ọjọ́ ìkómọ ni Roukayatou, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, mú un lọ sí igbó náà. Inú oko ọkọ rẹ̀ ló wà. Kò tóbi, igi àyìn àti igi àpá àtijọ́ ló kún un, àwọn baba kò sì fi àdá kàn án rí. Roukayatou gbé àwo ẹ̀wà tí wọn kò fi iyọ̀ sí kalẹ̀ sí ìdí igi àpá tó tóbi jù, ó gbójú sókè, ó ní, "Àwọn àbúrò yín ti dé o." Láti ọjọ́ náà, nírọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ ọjà, Àsùmáù kò jẹ́ kí ẹ̀wà wọ́n ní ìdí igi yẹn.

Nígbà tí baba wọn ti kú, tí Ousséni sì dàgbà tó mọ ojú oko, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọ̀kẹ́rẹ́ àti àparò ló ń jẹ ẹ̀wà náà, pé ewé ni ẹdun ń jẹ, kì í sì í sọ̀ kalẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún àlejò kì í dúró máa wo ẹnu rẹ̀. Àfáà ìlú náà mọ̀ sí i. Bí ó bá pàdé Àsùmáù lọ́nà tòun ti àwo lórí, á béèrè bí iṣu ṣe ń ta lóko, á sì máa wo òdìkejì.

Ogun tí àwọn Faransé ń bá àwọn ará Jámánì jà ló mú ọkọ Assana lọ. Wọ́n kó o pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́kùnrin yòókù, wọn kò sì gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Assana ká ẹní rẹ̀ àti aṣọ aró kan tó fẹ́ràn, ó padà sí yàrá ìyá rẹ̀. Nígbà iṣu tuntun, ibà mú un. Kò fi ẹnu kan iṣu náà.

Ní Manigri, wọn kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n á ní ó lọ ṣẹ́gi, ẹnikẹ́ni kò sì ní í béèrè ìgbà tí yóò dé. Ìyá rẹ̀ kì í sunkún sókè, nítorí bí èyí tó kù bá gbọ́ pé èkejì òun ti lọ, yóò fẹ́ wá a lọ. Ohun tí wọ́n bá sì fún ọ̀kan, wọ́n á fún èkejì, ìbáà ti lọ, ìbáà wà. Àsùmáù gbé ẹkún rẹ̀ mì, ẹkún náà sì há sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí egungun ẹja. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwo méjì ló ń bu oúnjẹ sí. Ousséni á jẹ tirẹ̀ tán. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, á fa àwo kejì mọ́ra, á jẹ ẹ́ náà, láìwo ojú ìyá rẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni ọ̀rọ̀ èédú dé. Ogun ti dí ọ̀nà òkun, ẹsáńsì tí ọkọ̀ ń mu kò wọlé mọ́, àwọn kámíyọ̀ tí ìjọba fi ń kó ẹrù sì gbọ́dọ̀ rìn. Wọ́n wá so ìkòkò irin ńlá kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ kámíyọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ìyá tó gbé ọmọ sí ìbàdí, èédú ni wọ́n sì ń dà sínú rẹ̀ dípò ẹsáńsì. Kọ̀màndáǹ, òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè náà, pàṣẹ pé kí gbogbo ìlú tó wà lójú ọ̀nà máa sun èédú, kí wọ́n máa rù ú wá sí ìlú Bassila. Àgbàlagbà tó bá lágbára, àpò kan ni ìpín rẹ̀ nígbàkigbà tí kámíyọ̀ bá ń bọ̀.

Àwọn ará Manigri mọ ebè kọ ju ohunkóhun lọ, nítorí náà bí ebè ni wọ́n ṣe kọ òkìtì èédú wọn àkọ́kọ́. Wọ́n to igi jọ, wọ́n kó erùpẹ̀ yí i ká, ó dúró dáadáa. Àmọ́ bí ó ti jẹ́ pé ebè kì í wà láìdé fìlà koríko, kí oòrùn má bàa se èbù iṣu inú rẹ̀, wọ́n fi koríko dé òun náà lórí, wọn kò fi erùpẹ̀ bo ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti di eérú. Roukayatou, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, dúró lórí rẹ̀, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ ìyá, ẹ gbin igi, ẹ kórè eérú. Ọ̀rọ̀ náà di ohun tí àwọn obìnrin ń kọ lórin lójú odò títí wọ́n fi mọ èédú sun.

Gáàdì tuntun, ọlọ́pàá Kọ̀màndáǹ, ló wá mọ iye èèyàn tó wà ní ilé kọ̀ọ̀kan. Yáyà ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Bassila ni, èdè Anii ni wọ́n ń sọ nílé wọn, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ọjà ló kọ́ ọ. Aláwàdà ni. Kò sí ìyá àgbà tí kì í pè ní ìyàwó rẹ̀. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà Àsùmáù, ó béèrè iye àgbà tó lágbára nínú ilé. Ó ní òun kò ka ìyàwó òun mọ́ wọn o, ìyàwó òun ti tó ẹni tó ń jókòó jẹun.

"Assana àti Ousséni ni," ni Àsùmáù wí.

Láti ọjọ́ tó ti bí wọn, kò pe orúkọ ọ̀kan kí ó má pe èkejì. Ẹnu rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń pín wọn. Yáyà na ìka méjì sókè, ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó sì kọjá sí ilé kejì. Roukayatou wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àsùmáù, ó jókòó lórí odó tó dojú dé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé ìyàwó àwọn dáhùn bó ṣe yẹ.

Nígbà tí Ousséni ti oko dé tó gbọ́, ó bọ́ ẹ̀wù oko rẹ̀. Ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fọ ọkọ́ rẹ̀, ó gbé ọkọ́ náà kọ́. Ó wá ní, "Kò burú, Ìyá. Màá sun tèmi, màá sì sun tirẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe. Nígbà tí kámíyọ̀ bá ń bọ̀, àpò méjì á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní ẹnu ọ̀nà. Àsùmáù á ya díẹ̀ lára aṣọ aró Assana, á fi so ẹnu àpò kejì. Ara rẹ̀ á yá. Á lọ gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò náà níbi tó ti gbálẹ̀ tẹ́lẹ̀, á fi ọwọ́ kàn án bí ó bá ń kọjá. Àwọn aládùúgbò rí i, ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Ó dà bí ẹni pé ọmọbìnrin náà ṣì ní iṣẹ́ kan tí ayé ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ń kúrú sí i.

Igi náà ń tán lọ. Àyìn etí ọ̀nà ni wọ́n kọ́kọ́ gé, nítorí kò sí èédú tó le tó tirẹ̀. Nígbà tí ìyẹn tán, wọ́n gé èyí tó wà lẹ́yìn oko. Nígbà tó yá, wọ́n gé igi òrí pàápàá, èyí tí ọkùnrin Manigri kì í fi àdá kàn láìgba àṣẹ obìnrin, àwọn obìnrin sì dúró wò wọ́n, wọ́n káwọ́ lérí. Àwọn igi tó tò lọ lẹ́bàá odò, láti igbó àwọn ẹdun títí dé ọ̀nà igbó Bassila, wọ́n gé wọn mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé yìí gé tirẹ̀, ilé yẹn gé tirẹ̀. Ọdún yẹn, àkàlà kò ké kí òjò tó dé. Ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín kò sí lójú omi mọ́. Àwọn ọdẹ tó bá wọ igbó láàárọ̀ á padà pẹ̀lú ìbọn tí wọn kò yìn.

Àsùmáù kò bá ẹnikẹ́ni sọ ohun tí òun alára gbọ́. Ohùn àwọn ẹdun ti ń dínkù láàárọ̀. Nígbà mìíràn ladaani ló ń jí i.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ousséni jẹun tán, kò dìde. Ó ń fi ìka fa ilẹ̀. Ó ní igi ti tán. Ó ní ní ti ìpín tòun, òun lè rí i ṣa, òun á hú gbòǹgbò, òun á kó ẹ̀ka tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀, yóò pé. Èyí tí kò lè pé ni ti Assana. Bí kò bá sì pé, wọ́n á mú òun lọ sí ọ̀nà Alédjo, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta. Idrissou tó wà ní ilé kejì ti lọ síbẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ nítorí ìpín rẹ̀ tí kò pé, ìyàwó rẹ̀ kò sì tíì gbọ́ ohun kan.

Ìyá rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ó jẹ́ kí ó lọ síbẹ̀.

"Igbó etí odò nìkan ló kù," ni Ousséni wí. "Igi àpá kan níbẹ̀ yóò tó ìpín rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mi ò ní í fi àdá kàn án bí ẹ kò bá sọ. Bí ẹ bá sì sọ pé kí n má gé e, màá lọ sí Alédjo. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí n ṣe."

Àsùmáù dìde. Ó palẹ̀ àwo mọ́. Àwo méjì.

Ó tọ Roukayatou lọ. Ojú arúgbó náà ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ó mọ ìrìn ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó ti sún fún un lórí ẹní kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Àsùmáù béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí òun bá lọ sọ ọ́ fún gáàdì, kí wọ́n yọ ìpín náà kúrò. Roukayatou ní Ousséni yóò gbọ́ ọ, ìbejì tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn kì í pẹ́. Àsùmáù béèrè bí wọ́n bá wá gé igi ńkọ́. Roukayatou ní ilé àwọn èkejì wọn nìyẹn, ta ló ń dáná sun ilé ẹbí rẹ̀.

"Kí ni kí n wá ṣe, ìyá ọkọ mi?"

Arúgbó náà jẹ obì rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Èmi ni mo mú ọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ. Lọ wò wọ́n. Èmi náà á máa rò ó."

Àsùmáù se ẹ̀wà, ó gbé e, ó lọ. Ó ti pẹ́ tí kò ti wo igbó náà láti òkèèrè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé dúró. Nígbà kan rí, ènìyàn kì í mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn igi tó so mọ́ ọn. Ní báyìí ó dá dúró láàárín kùkùté, bí ilé tí kò ní ọ̀nà. Òkìtì èédú àwọn aládùúgbò yí i ká, èéfín wọn ń rá wọlé, ó ń sùn sínú rẹ̀. Ewé tó wà létí ti pọ́n. Ó wá yé e ìdí tí àwọn ẹdun kò fi tíì lọ. Orí igi ni ọ̀nà wọn. Ẹdun kì í fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbalasa, bí kò bá sí ẹ̀ka tí yóò dì mú, ibi tó wà ló wà.

Ó gbé àwo kalẹ̀, ó gbójú sókè. Àwọn díẹ̀ ló kù. Ó rí abo kan lórí ẹ̀ka, ó di nǹkan funfun kan mọ́ àyà. Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́. Ọmọ tuntun! Ó fẹ́ kí i. Ẹdun náà wá yí padà, orí ọmọ náà sì yẹ̀ sẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ kékeré rọ̀ sílẹ̀, ó ń mì bí ẹni pé kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni.

Àsùmáù jókòó sórí gbòǹgbò.

Ìyá ẹdun ń lé eṣinṣin kúrò lójú ọmọ náà. Ó ń tú irun rẹ̀ wò. Nígbà tó fẹ́ fò sí ẹ̀ka mìíràn, ọwọ́ kan ló fi di ẹ̀ka mú, ọwọ́ kejì kò ráyè, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Nígbà tó jókòó, ó gbé e sórí itan. Ẹdun mìíràn sún mọ́ ọn, ó fi ọwọ́ kan ọmọ náà, ó sì lọ. Ìyá rẹ̀ gbé e mọ́ ọmú. Ó dúró. Ó tún gbé e mọ́ ọmú.

Nígbà tí Àsùmáù sọ ọ́ nílé, Ousséni ní èéfín ni yóò jẹ́. Ó ní èéfín ti ń sùn síbẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́, ọmọ kékeré kò lè mí i. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, nítorí ọ̀kan nínú àwọn òkìtì náà, tirẹ̀ ni.

Àsùmáù ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kò gbé ẹ̀wà mọ́, ó kàn ń lọ jókòó ni. Irun funfun ọmọ náà ti ń ṣú, ara rẹ̀ ti gbẹ. Ìyá rẹ̀ ti rù, kò jẹ ewé tó bó ṣe yẹ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣófo. Àwọn tó kù á lọ sí ìhà tí ewé tútù kù sí, òun á máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Àsùmáù á sọ fún un láti ìsàlẹ̀ pé pẹ̀lẹ́, pé rọra, pé ẹ̀ka yẹn kò le.

Ní ọjọ́ kan ó bá a lórí igi àpá ńlá. Níbi tí ẹ̀ka nípọn méjì ti pín, ihò kan wà níbẹ̀ bí inú igbá. Ẹdun náà gbé ọmọ sí i. Ó sún sẹ́yìn. Ó padà wá, ó fi ọwọ́ kàn án, ó tún irun rẹ̀ ṣe. Ó sún sẹ́yìn sí i. Ó lọ dé ẹ̀ka kejì, ó wẹ̀yìn, ó padà. Ó fi imú rùn ún. Ó wá lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lọ dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì ja ewé, ó ń jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú wọn fi ẹ̀yìn tì í.

Àsùmáù dúró títí oòrùn fi wọ ẹ̀yìn igi. Nígbà tó délé, ó sọ fún Ousséni pé kí ó di àpò tirẹ̀ nìkan. Òun á bá a dé Bassila.

Ọjọ́ tí kámíyọ̀ ń bọ̀, wọ́n gba ọ̀nà náà lọ, Ousséni ru àpò, ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e lọ́wọ́ òfo. Ohun tó kù lára aṣọ aró Assana, tí kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ lọ, ló ká mọ́ ọwọ́. Kò sí ibòòji lójú ọ̀nà mọ́. Nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, Roukayatou ń bọ̀ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè é. Wọ́n dúró dè é, kò sọ ohun tó ń wá, wọ́n sì ń lọ.

Ẹ̀gbẹ́ ọjà Bassila ni kámíyọ̀ náà dúró sí, ìkòkò irin rẹ̀ ń rú èéfín. Àwọn ará Manigri àti àwọn ará Bassila ti tò pẹ̀lú àpò wọn, ojú gbogbo wọn dúdú fún èédú. Yáyà rí Àsùmáù, ẹ̀rín gba ojú rẹ̀.

"Ìyàwó mi, ẹ rìn dé Bassila nítorí tèmi?"

"Ọkọ tí kò ra ọṣẹ fúnni rí," ni Àsùmáù dáhùn. "Mo wá wò ó bóyá ó ṣì wà láàyè."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Yáyà gba àpò Ousséni, ó gbé e wò, ó tì í sí àwọn tó ń kó o sínú kámíyọ̀. Ó wo ẹ̀yìn Ousséni, kò rí àpò mìíràn. Ó béèrè ti èkejì.

Àsùmáù la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun rẹ̀, ó bá egungun ẹja náà níbẹ̀, ó dúró. Ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, bí ó ṣe ga, bí ọrùn rẹ̀ ṣe gùn bíi ti baba rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á. Yáyà tún béèrè, kò sí àwàdà nínú rẹ̀ mọ́, nítorí àwọn tó wà lẹ́yìn ń dúró.

Nígbà náà ni Roukayatou jáde láàárín èrò. Ó dé ọ̀dọ̀ Ousséni, ó fi ọ̀pá kàn án ní èjìká, ó ní kí ó bẹ̀rẹ̀. Ousséni bẹ̀rẹ̀. Arúgbó náà ju ọ̀pá sílẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi bo etí ọkùnrin náà, ó dì wọ́n le bí ìgbà tí wọ́n bá ń bo etí ọmọdé kí wọ́n tó yìnbọn. Ó wá kọjú sí ìyàwó àbúrò rẹ̀.

"Sọ ọ́ báyìí," ni ó wí. "Tètè. Ọwọ́ mi ti gbó."

"Assana kò lọ ṣẹ́gi," ni Àsùmáù wí. "Assana ti kú. Nígbà iṣu tuntun ló kú, nínú yàrá mi."

 Àwọn obìnrin Manigri fi ọwọ́ bo ẹnu. Yáyà ṣí fìlà pupa rẹ̀ kúrò lórí. Nílé àwọn náà ní Bassila, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìbejì. Ó rọra béèrè ta ló wá ń sun èyí tí òun ń gbà látọjọ́ yìí, tí wọ́n fi aṣọ aró so lẹ́nu. Àsùmáù fi ẹnu júwe ọmọ rẹ̀, tó ṣì bẹ̀rẹ̀ láàárín ọwọ́ Roukayatou, tí ojú rẹ̀ wo ilẹ̀, tí omi sì ń kán láti inú rẹ̀ sórí eruku èédú.

Gáàdì náà pa fìlà rẹ̀ pọ̀ sọ́wọ́. Ó bá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́ ní èdè Anii. Nígbà tó padà sọ Yorùbá, kò pè é ní ìyàwó rẹ̀ mọ́.

"Ìyá mi, ẹ máa lọ sílé," ni ó wí. "Ẹnì kan ló ń sun èédú nílé yín láti òní. Èmi ni màá sọ ọ́ níbi tó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ ẹ."

Lójú ọ̀nà, Roukayatou ló ṣáájú, ó ń kùn pé ọwọ́ ń dun òun, pé orí Ousséni tóbi ju ti baba rẹ̀ lọ. Ousséni béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ìyá òun bá gáàdì sọ.

"Wọ́n ń ṣàwàdà ni," ni arúgbó náà wí. "Ìwọ náà mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ ni."

Ousséni ní òun rò bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Ibi tí igi òrí ńlá kan wà tẹ́lẹ̀ ni ẹkún náà ti já. Àsùmáù kò mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ó jókòó sórí kùkùté, ó sì ké, ẹkún tó ti pẹ́ nínú, tó ń jáde bí omi tó ya bèbè. Wọn kò sọ fún un pé kí ó dákẹ́. Ousséni jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Roukayatou jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kò sì bo etí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó rọ̀, Àsùmáù fi ìyókù aṣọ aró náà nu ojú, ó sì rí i pé aṣọ náà ṣì tó nu ojú.

Wọn kò gé igbó etí odò. Kámíyọ̀ ṣì ń bọ̀, Ousséni sì ń sun àpò kan, ó ń hú gbòǹgbò, ó ń ṣa ẹ̀ka. Nígbà tí wọ́n ń ro oko fún iṣu ọdún kejì, àwọn kùkùté àyìn tó wà lẹ́bàá odò ti ń yọ èhù. Ilẹ̀ tó dára fún ebè ni, àwọn aládùúgbò sì ro tiwọn mọ́. Ousséni fi tirẹ̀ sílẹ̀, kò fi ọkọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n béèrè, ó ní ọ̀nà àwọn kan ni. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ousséni ń gbin èédú. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, ìyàwó Idrissou, fi tirẹ̀ náà sílẹ̀.

Ohùn àwọn ẹdun kò tíì padà sí bó ṣe wà. Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, Àsùmáù á jí fúnra rẹ̀, á jókòó, á máa tẹ́tí. Ó máa ń pẹ́. Á wá gbọ́ ọ, ọ̀kan péré, ó ki, ó ń rọ́, láti ìhà odò.

"Ẹ jíire o," á wí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà, ó ṣì ń bu oúnjẹ sí àwo méjì. Ó ń gbé ọ̀kan ka iwájú Ousséni. Ó ń gbé èkejì lérí, á gba ọ̀nà oko lọ sí ìdí igi àpá, níbi tí ọ̀kẹ́rẹ́ kan ti máa ń jókòó dè é.